Ṣé òótọ́ ni pé síìlì lè lo wákàtí kan lábẹ́ omi láì mí?

Àkànní_ÒkèBáálẹ̀
Ẹ kú ilé o gbogbo ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí díẹ̀ ló kù kó dìjà lánàá. Ṣọ́ọ̀bù bábà la wà, à ń retí bọ́ọ̀lù, ni bábà bá yí tẹlifíṣọ̀n sí ṣánẹ́ẹ̀lì ẹranko, wọ́n ń fi àwọn ẹran inú òkun kan hàn ní Àǹtákítíkà, síìlì ni wọ́n ń pè wọ́n, ara wọn sanra rọ̀bọ̀tọ̀, wọn ò lẹ́sẹ̀ gidi. Ẹni tó ń ṣàlàyé ní ẹran yìí máa ń wọ abẹ́ yìnyín lọ, ó lè lo wákàtí kan kó tó jáde wá mí. Ìyẹn gan-an kọ́ ló bí mi nínú o. Ó ní kó tó mòòkùn, ńṣe ló máa kọ́kọ́ tú èémí inú ẹ̀ síta. Síta o! Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, odò ni mo dàgbà sí, mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ mòòkùn tó ń tú èémí dànù. Ńṣe la máa ń fa èémí sínú kíkankíkan bí ìgbà mẹ́wàá kí àyà kún dáadáa ká tó bẹ́ sódò. Mo ní irọ́ ni, bọ̀ọ̀dá kan ní òótọ́ ni, ó ní ká jọ ta á ní ₦5,000. Mo ti gbà.

Tíṣà_Báọ́
Àkànní, lọ wá ₦5,000 ẹ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Èyí tí wọ́n fi hàn yín á jẹ́ Weddell seal torí òun ló máa ń gbé abẹ́ yìnyín tó lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀ Àǹtákítíkà. Orúkọ James Weddell ni wọ́n fi pè é, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọdẹ síìlì láyé àwọn 1820. Kì í fi gbogbo ìgbà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣá o, ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá lọ wá oúnjẹ, kó tó 20 ìṣẹ́jú ó ti padà dé. Ṣùgbọ́n tó bá di dandan ó lè kọjá wákàtí kan, ó sì lè lọ sísàlẹ̀ ju 600 mítà lọ. Ti èémí tó ń tú síta yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kíláàsì ni mo wà báyìí, tí mo bá délé màá ṣàlàyé.

Káyọ̀dé_Rẹwáyà
Tíṣà ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yín ò tíì wọ̀ mí létí. Tó bá ti tú èémí dànù, kí ló wá fẹ́ máa lò lábẹ́ ibẹ̀? Àbí ó ní kiní pupa yẹn tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja, tí ẹja fi ń mí? Mo gbọ́ níbì kan pé wọ́n ní in.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_ỌjàỌba
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, èémí nìkan lẹ rí bi, otútù ńkọ́? Èmi tí mò ń ta ẹja tútù, tí mo bá ki ọwọ́ bọ firísà láàárọ̀ láti fi já páálí Titus, ìka mi á ti kú kí n tó rí kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́. Ẹran wo ló wá ń gbé inú omi yìnyín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún lé ẹja níbẹ̀?

Làmídì_Uniosun
Màámi ẹ kú ọjà o. Omi òkun ibẹ̀ tutù kọjá ibi tí omi lásán ti máa ń di yìnyín, tó bá tutù tán ó máa ń tó bíi 1.8 dígíríì sísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ inú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè dì. Síìlì ní ọ̀rá tó nípọn gan-an lábẹ́ awọ. Ti pẹ́ńgúìnì tí òun náà ń gbé ibẹ̀, ìyẹ́ ara ẹ̀ ló há mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, omi kì í ráyè kan awọ ẹ̀.

Káyọ̀dé, rárá o, síìlì ò ní kiní ẹja yẹn. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni, orí yìnyín ló ń bímọ sí, ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí bíi tèmi tìẹ. Tó bá pẹ́ ju agbára ẹ̀ lọ lábẹ́ omi, omi á gbé e ni.

Tíṣà_Báọ́
Ó ti dalẹ́, mo ti jẹun, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń da Àkànní láàmú ni pé ó rò pé inú àyà nìkan lèèyàn lè kó èémí sí. Síìlì ò kó o síbẹ̀. Ọ́síjìn tó máa lò, inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ẹran ara ẹ̀ ló ti kó o pamọ́ sí kó tó wọ omi. Nínú gbogbo ọ́síjìn tí Weddell seal ń gbé lọ, tí a bá pín in sí ọ̀nà 100, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ò ju bíi 5 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ gan-an, tí ẹ bá fi kílò wé kílò ó ju ìlọ́po méjì tiwa lọ, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì tún ki. Ẹran ara ẹ̀ wá kún fún èròjà kan tí wọ́n ń pè ní myoglobin, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó di ọ́síjìn mú, ó pọ̀ débi pé tí wọ́n bá la ẹran síìlì, ó máa ń dúdú ni, kì í pọ́n bíi ti màlúù tí à ń rà.

Ó wá ku ìdí tó fi ń tú tinú àyà dànù. Ọ̀kan ni pé afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kéèyàn léfòó, ìyà ló jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ìkejì ló lágbára jù. Tí ẹ bá ń lọ sísàlẹ̀ omi, gbogbo 10 mítà tí ẹ bá lọ, omi á fi ìwọ̀n kan kún bó ṣe ń tẹ̀ yín, ìwọ̀n kan yẹn tó gbogbo bí afẹ́fẹ́ ayé yìí ṣe ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Kó tó dé 500 mítà ó ti ju 50 lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú irú agbára yẹn, náítírójìn inú ẹ̀ (ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di afẹ́fẹ́) á rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹran bá wá ń yára bọ̀ lókè, náítírójìn yẹn á yọ jáde nínú ẹ̀jẹ̀, á di bọ́bù kéékèèké (ohun tó ń wà nínú ìfófòó ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tó ń bú gbàmù), á dí iṣan. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ òmòòkùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkun di arọ, ó sì ti pa àwọn míì. Síìlì ò fàyè gbà á rárá. Kó tó rìn jìnnà, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á ti ká pọ̀ pátápátá, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù á sá lọ sínú ọ̀nà ọ̀fun níbi tí kò ti lè kan ẹ̀jẹ̀. Èèyàn tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ bá ká báyẹn, ọsibítù ló kàn. Ti síìlì á ṣí padà fúnra ẹ̀ tó bá dókè.

Káyọ̀dé_Rẹwáyà
Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà, bó ti wù kó kó o pamọ́ tó, wákàtí kan mà pọ̀ o. Ẹran yìí ò jókòó, ó ń wẹ̀, ó ń lé ẹja, ọ́síjìn yẹn ń lọ nìyẹn.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ kí èmi gba ìyẹn fún Tíṣà. Ìṣọ́wóná ni. Tí ẹran yìí bá ti wọ omi, ọkàn ẹ̀ á dín ìlù kù. Pẹ́ńgúìnì ńlá tí wọ́n ń pè ní emperor, tó bá dúró jẹ́ẹ́ lókè ọkàn ẹ̀ ń lù bíi 70 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ti so ẹ̀rọ mọ́ ọn tí wọ́n rí i pé tó bá mòòkùn tó pẹ́, ó lè wá sísàlẹ̀ 10. Tí èmi bá rí irú nọ́ńbà yẹn lára aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, igbe ni màá ké pe dókítà! Lẹ́yìn náà, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí apá, sí ìfun, sí kíndìnrín, gbogbo wọn á sún mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọpọlọ àti ọkàn fúnra ẹ̀ ni wọn ò gbọdọ̀ fi du. Ẹran ara tó ń wẹ̀ á máa jẹ èyí tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Norway kan, Per Scholander, ló kọ nípa èyí ní 1940, tó jókòó ti síìlì àti pẹ́ńgúìnì tó ń wọn gbogbo ẹ̀.

Àwa náà sì ní díẹ̀ nínú ẹ̀ o. Tí ẹ bá ki ojú bọ omi tútù tí ẹ sé èémí, ọkàn yín á rọra lù. Àwọn dókítà tiẹ̀ máa ń lò ó fún irú ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá ń sáré sódì kan báyìí, wọ́n á gbé omi yìnyín sí i lójú. Ẹ má dán an wò nílé.

Káyọ̀dé_Rẹwáyà
Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ọ́ ní èdè mi wàyí. Bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ẹ̀ ti ń lọ sópin, èèyàn á pa firísà, á pa fáànù, á fi gílóòbù kan sílẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti yé mi, mi ò jiyàn mọ́.

Tíṣà_Báọ́
O gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ti Weddell seal, bíi 20 ìṣẹ́jú ni ọ́síjìn yẹn lè gbé e dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọjá ẹ̀, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn, ásíìdì á máa gbá jọ síbẹ̀, irú èyí tó máa ń gbá jọ sínú itan èèyàn tó sáré. Tó bá jáde ó máa sinmi fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè padà wọlé, nígbà míì á ju àkókò tó lò lábẹ́ omi lọ. Torí ẹ̀, lílọ léraléra fún 15 ìṣẹ́jú lérè fún un ju kó lọ fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Wákàtí kan yẹn, ìgbà tó bá ń wá ihò míì tó máa gbà jáde ló sábà máa ń jẹ́.

Àkànní_ÒkèBáálẹ̀
Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì san owó. Ta ló bá a dé 600 mítà? Ta ló di aago mú lábẹ́ yìnyín? Oyinbo lè sọ ohun tó wù ú.

Làmídì_Uniosun
Bọ̀ọ̀dá Àkànní, ìbéèrè yìí ló dáa jù níbí. Ọ̀gbẹ́ni Gerald Kooyman ló ṣe é, ará Amẹ́ríkà, láàárín àwọn 1960, ní McMurdo Sound ní Àǹtákítíkà. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín, aago kékeré tí àwọn ìyàwó ilé ń yí sí ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ń se nǹkan ló mú, ó tò ó pọ̀ mọ́ kiní kan tó ń wọn bí omi ṣe ń tẹ nǹkan tó, tó sì ń fa ìlà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó so ó mọ́ síìlì lẹ́yìn.

Wàyí o, báwo ló ṣe máa rí aago ẹ̀ gbà padà? Ó gbẹ́ ihò sínú yìnyín níbi tó jìnnà sí gbogbo ihò àti gbogbo ojú ibi tó ti ya, ó gbé síìlì síbẹ̀. Kò sí ibòmíì tí ẹran yẹn lè gbà mí, dandan ni kó padà síbẹ̀. Òun jókòó létí ihò ẹ̀. Lóde òní kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ẹdẹ
Ẹ dúró ná. Tí yìnyín bá bo gbogbo ojú omi, àwọn tí oyinbo ò gbẹ́ ihò fún ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń gbà jáde?

Tíṣà_Báọ́
Eyín ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Yìnyín yẹn lè nípọn tó mítà méjì. Ibi tó bá ti ya ni wọ́n máa ń wá, tó bá ti fẹ́ dì padà, Weddell seal á la ẹnu gbàgà, á máa fi eyín òkè ha etí ihò náà, á máa ju orí sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo ìgbà òtútù ló máa ń ṣe é torí tó bá jẹ́ kó dì tán, ó ti kú nìyẹn. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ o, eyín yẹn máa ń jẹ tán. Tó bá ti jẹ dé ìdí, kò ní lè ṣí ihò, kò ní lè jẹ ẹja dáadáa, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé. Ní apá Àríwá ayé lọ́hùn-ún, síìlì míì wà tí èékánná iwájú ẹ̀ ló fi ń ṣe tiẹ̀, tìyẹn sàn díẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_ỌjàỌba
Haa! Eyín! Olúwa ò, ká máa fi eyín wá ọ̀nà mí. Mo káàánú ẹ̀.

Alájé_StéṣànRóòdù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú ò ríná lò láti ọjọ́ kẹta, gààrí ti di wúrà, ẹ̀yin ń káàánú síìlì. Kí ni síìlì fẹ́ ṣe fún wa ní Òṣogbo?

Tíṣà_Báọ́
Alájé, tí ò bá sí iná ẹ jókòó kà á. Wọ́n ń fi wọ́n ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń ṣe fún wa. Elephant seal tó wà ní apá Gúúsù, akọ ẹ̀ lè wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, òun ni baba gbogbo síìlì tó bá di ká mòòkùn, wọ́n ti rí èyí tó kọjá 2,000 mítà, wọ́n sì ti rí èyí tó lo bíi wákàtí méjì. Àwọn onímọ̀ ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ irun orí ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn á máa wọn bí omi ṣe tutù tó àti iyọ̀ inú ẹ̀, tó bá jáde á fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Abẹ́ yìnyín tí ọkọ̀ ò lè dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ìròyìn wá nípa bí òkun ṣe ń gbóná. Tó bá tó àsìkò tí irun ẹ̀ máa re, ẹ̀rọ á bọ́ sílẹ̀, ẹran á bá tiẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Òròkí
Èmi ò tíì gbọ́ ti pẹ́ńgúìnì o, òun ni mo fẹ́ràn. Ẹyẹ ni àbí ẹja ni? Ṣé òun náà ń tú èémí síta? Béárì funfun yẹn ò sì ní ti jẹ gbogbo wọn tán?

Làmídì_Uniosun
Béárì funfun ò mọ pẹ́ńgúìnì rí. Apá Àríwá ayé ni béárì wà, Gúúsù ni pẹ́ńgúìnì wà. Àwọn fídíò àwàdà tí wọ́n ń kó wọn pọ̀ ló ń dà wá rú. Gbogbo pẹ́ńgúìnì kọ́ ló tiẹ̀ ń gbé inú yìnyín, wọ́n wà ní South Africa níbí, wọ́n ń rìn ní etí òkun tí oòrùn ń pa wọ́n.

Ẹyẹ ni, ó ń yé ẹyin. Inú omi ló ń fò ni ká sọ, torí apá yẹn náà ló fi ń wẹ̀. Egungun ẹyẹ tó ń fò lókè sábà máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ nínú kó lè fúyẹ́, ti pẹ́ńgúìnì dì gbagidi ni, ó wúwo, ìyẹn ń bá a lọ sísàlẹ̀. Emperor tí Àǹtí nọ́ọ̀sì sọ, ó ga ju mítà kan lọ, òun ló ń mòòkùn jù láàárín gbogbo ẹyẹ. Ó ti kọjá 500 mítà, èyí tó pẹ́ jù lé ní 30 ìṣẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tójoojúmọ́ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ti èémí, níbẹ̀ ni òun àti síìlì ti yàtọ̀, pẹ́ńgúìnì ń fa tiẹ̀ sínú ni. Ẹyẹ ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ara yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ náà ló ń kó o sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kà á ni pé èyí tó bá máa lọ jìnnà máa ń fa èémí púpọ̀ ju èyí tó fẹ́ lọ sí itòsí lọ, bíi pé ó ti mọ ibi tó ń lọ kó tó bẹ́ sómi. Tó bá ń bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ inú ara ẹ̀ á máa wú padà, á máa gbé e bọ̀, tó bá sún mọ́ òkè tán kò ní ju apá mọ́. Emperor tún ní ọgbọ́n míì, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ ara ẹ̀, ó máa ń tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń bọ̀, ìfófòó yẹn á bò ó lára, omi ò ní lè fà á sẹ́yìn, eré ẹ̀ á pọ̀, á já jáde fìrì, ó di orí yìnyín. Ó nílò eré yẹn torí leopard seal máa ń lúgọ sí etí yìnyín, ẹran burúkú ni, pẹ́ńgúìnì ló ń jẹ.

Àkànní_ÒkèBáálẹ̀
Ó dáa, pẹ́ńgúìnì ń ṣe bíi tèmi nìyẹn, ìdajì owó ni màá san. Tíṣà, etí wọn ńkọ́? Nínú odò wa, tí mo bá lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, etí á ti máa dùn mí bí ẹni fẹ́ ya.

Tíṣà_Báọ́
Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlù etí rẹ ni omi ń tẹ̀. Ti síìlì, ẹran kan wà nínú etí ẹ̀ tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, tó bá ń lọ sísàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á kún inú ẹ̀, á wú, á gba àyè tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀. Ibi tí ò bá ti sí àyè òfìfo, omi ò rí nǹkan tẹ̀. Ìwọ san owó ẹ pé.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sì
Àkànní, mo fẹ́ bá ẹ sọ nǹkan kan, má ka tèmi sí yẹ̀yẹ́. Èémí tí o ní ẹ máa ń fà kíkankíkan bí ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó bẹ́ sódò yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Kì í fi ọ́síjìn tó nítumọ̀ kún tèèyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbá káábọ́nù dáíọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ dànù, káábọ́nù yẹn ló sì ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́, jáde lọ mí. Tí ò bá sí i, èèyàn á máa gbádùn lábẹ́ omi, ọ́síjìn á tán, ojú ẹ̀ á kàn ṣú ni, kò ní jà, kò ní ké. Àwọn tó mọ̀ wẹ̀ gan-an ló ń pa. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń díje ta ló máa pẹ́ jù.

Síìlì ní ohun tí ẹ ò ní. Spleen ẹ̀ (ẹ̀yà ara kan tó wà nínú ikùn) tóbi, ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tó ki sínú ẹ̀, tó bá ń mòòkùn á fún un jáde. Àwọn èèyàn kan wà ní Indonéṣíà, Bajau, mímòòkùn ni iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran, ìwádìí kan ní 2018 rí i pé spleen tiwọn fi bí ìdajì ju ti àwọn ará ìlú tó múlé tì wọ́n lọ. Ti ará Òṣogbo ò rí bẹ́ẹ̀.

Àkànní_ÒkèBáálẹ̀
Ẹ ṣé Àǹtí. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń ṣe é gan-an, màá pè é lálẹ́ yìí.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_ỌjàỌba
Tèmi ló kù. Irú ẹja wo ni wọ́n ń rí jẹ níbẹ̀? Ṣé Titus wà níbẹ̀, àbí pánlá?

Làmídì_Uniosun
Kò sí Titus níbẹ̀ màámi. Weddell seal ń jẹ ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní silverfish, emperor náà ń jẹ ẹ́. Òmíràn wà, toothfish, ó lè wúwo ju 100 kílò lọ, nígbà míì síìlì á gbé odidi ẹ̀ wá sí ojú ihò, á máa fà á ya. Wọ́n tún ní ẹja kan tó ń jẹ́ icefish, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò pupa rárá, ó mọ́ bí omi lásán. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn púpọ̀ sára ju omi gbígbóná lọ, torí ẹ̀ ẹja yẹn lè rọ́nà ṣe é láìní èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ wò, funfun ni.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_ỌjàỌba
Funfun kẹ̀? Ta ni màá tà á fún ní Ọjà Ọba? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí wò, tí ò bá ti pọ́n, wọ́n á ní ẹja ti bàjẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ná mi ní owó ṣàkì. Kó dúró síbẹ̀, kí síìlì máa jẹ ẹ́.